Ṣíṣẹ̀dá Orin Ohun-Èlò fún Ijó Ìgbàlódé Orí Ìtàgé: Àlàyé fún Olùkọ́

Àṣamọ̀
Orin inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ jó lórí ìtàgé. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣẹ̀dá orin ohun-èlò tuntun tí yóò bá ijó mu. A ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ Aaron Copland àti John Cage ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a sì fi wọ́n wé ìlànà dùndún àti bàtá. Èrò wa ni pé àdéhùn láàrin olùṣẹ̀dá orin àti oníjó ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, àti pé lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, àdéhùn náà kò pé bí a kò bá mọ ohun tí ìlù ń sọ.

1. Ìfáárà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Òwe yìí fi hàn pé ìlù ni ó ń ṣáájú, ijó ni ó ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ijó ìgbàlódé orí ìtàgé, èyí tí ènìyàn jókòó ronú gbé kalẹ̀ fún òǹwòran, sábà máa ń ní ìtàn tirẹ̀. Bí a bá gbé orin tí a ṣe fún nǹkan mìíràn lé e lórí, ìtàn náà ni a óò máa gé tàbí kí a máa fà á gùn. Ìbéèrè wa nìyí: ta ni yóò tẹ̀ lé ta, kí sì ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

2. Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà
Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní ni Appalachian Spring, tí Copland ṣẹ̀dá fún Martha Graham. Graham kọ ìtàn ijó náà ránṣẹ́ sí Copland; Copland fi ìtàn náà ṣe orin; Graham sì gbé ijó kalẹ̀ lórí orin náà. Gbọ̀ngàn inú Library of Congress ní Washington ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, 1944. Àyè àwọn elérè kéré níbẹ̀, nítorí náà ohun-èlò 13 péré ni Copland lò: fèrè oríṣi mẹ́ta, pianó kan, àti ohun-èlò olókùn mẹ́sàn-án. Orin náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1945.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Cage. Ní Seattle ní 1940, Syvilla Fort, oníjó aláwọ̀ dúdú, fẹ́ orin fún ijó rẹ̀ tí ó ní àbùdá ilẹ̀ Áfíríkà. Ìtàgé náà kò gba ọ̀wọ́ onílù. Pianó kan ni ó wà níbẹ̀. Cage ki skúrù àti bóòtù sáàárín àwọn okùn pianó náà títí ìró rẹ̀ fi dà bí ti ọ̀wọ́ ìlù. Bacchanale ni orúkọ orin náà. Nígbà tí Cage àti Merce Cunningham wá ń jọ ṣiṣẹ́, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí orin àti ijó yóò ti pàdé. Nígbà tí ó yá, iye ìṣẹ́jú nìkan ni àdéhùn wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ni àwọn oníjó tó gbọ́ orin náà.

Ohun mẹ́ta ni a rí dì mú: ìtàn, àyè àti àsìkò. Àwọn tí ó tilẹ̀ tú gbogbo àdéhùn ká kò lè tú ti àsìkò.

3. Ìlànà dùndún àti bàtá
Lọ́dọ̀ wa, lójú agbo ni àdéhùn ti ń wáyé. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, gúdúgúdú àti àwọn omele a máa di ìlù mú lójú kan, ìyáàlù a sì máa sọ̀rọ̀. Oníjó bàtá a máa fi ẹsẹ̀ àti èjìká dá ìyáàlù lóhùn. Dúró Ládiípọ̀ mú bàtá, tí í ṣe ìlù Ṣàngó, wọ orí ìtàgé nínú Ọba Kò So, eré tí ó gbé lọ sí Berlin ní 1964.

Ibí yìí ni ìṣòro tí Copland kò ní wà. Ohùn ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá lu ohùn àárín tí ohùn òkè tẹ̀ lé, ó lè jẹ́ ‘owó’, ‘ilé’, ‘ayé’ tàbí ‘iṣẹ́’. Gbólóhùn tí ó gùn, tí etí sì ti mọ̀, ni ó ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tí onílù ní lọ́kàn. Bí olùkọ́ bá kàn to ìró dídùn pọ̀ fún ìyáàlù, àwọn òǹwòran yóò fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Ijó ọ̀fọ̀ lè máa lọ lórí ìtàgé, kí ìlù sì máa bú ènìyàn létí wọn. Nítorí náà, orin tí ìyáàlù bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe orin aláìlọ́rọ̀.

4. Bí olùkọ́ ṣe lè ṣe é
Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ jó ìtàn ọmọ tí ó lọ pọnmi, tí ó bá odò ní gbígbẹ.

(i) Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wo ijó náà láìsí orin rárá, kí ó sì pín in sí ìpín.

(ii) Kí ó ka àsìkò. Bí lílọ bá gba ìṣẹ́jú 2 ní ìgbésẹ̀ 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbésẹ̀ 120 ni. Bí wíwá omi kiri bá gba ìṣẹ́jú 2 ní ìgbésẹ̀ 120, ó di 240. Bí ìpadàbọ̀ bá gba ìṣẹ́jú 1 ní ìgbésẹ̀ 60, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 420. Bí a bá kà wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀wọ́ 105 ni a óò ṣẹ̀dá.

(iii) Kí ó yan ohun-èlò tí gbọ̀ngàn gbà: gúdúgúdú, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti fèrè oparun tó.

(iv) Kí ó fi ìdákẹ́jẹ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Nígbà tí ọmọ náà bá rí odò gbígbẹ, kí gbogbo ohun-èlò dákẹ́.

(v) Kí ìyáàlù má wọlé títí di ìpadàbọ̀, kí ó sì wí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ṣẹ̀dá, bí àpẹẹrẹ, ‘Bí odò tilẹ̀ gbẹ, ìsun kò gbẹ’. Kí a gbé gbólóhùn náà lọ bá onílù tí ó mọṣẹ́, kí ó lù ú fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

5. Àgbálọgbábọ̀
A ti rí i pé àìtó àyè kò dí Copland àti Cage lọ́wọ́. Òun gan-an ni ó fún orin wọn ní ìrísí. Kí olùkọ́ má ṣe tìtorí àìní ohun-èlò sá padà sídìí rẹ́kọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti wá ọ̀rọ̀ sí ẹnu ìyáàlù rí ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohùn èdè Yorùbá tí pátákó ìkọ̀wé nìkan kò lè kọ́ ọ.