Ewéko Òkun Nínú Àpótí Dígí: Bí Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀ Ṣe Lè Tọ́jú Òkun Kékeré Nínú Ilé

Ní ìgbà kan, àwọn ọmọ kíláàsì kan ní ilé-kéú wa bu ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ta létí òkun, wọ́n kó wọn sínú àpótí dígí tí wọ́n ti pọn omi ẹ̀rọ sí. Wọ́n da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí omi náà, wọ́n ń tọ́ ọ wò títí ó fi dà bí omi òkun lẹ́nu wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé: "Àáfà, ṣebí omi yẹn mọ́ gaara? Kí ló wá pa wọ́n?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo lọ kàwé, mo bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì fi ọwọ́ ara mi dán an wò. Èsì ìbéèrè ọmọ náà ni mo kọ síhìn-ín.

OHUN TÍ Ó PA ÀWỌN ẸJA NÁÀ

Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, omi ẹ̀rọ a máa ní oògùn klórínì, èyí tí ó dára fún wa ṣùgbọ́n tí ó ń jó ẹja ní ìjàǹgbọ̀n. Èkejì, iyọ̀ ìsebẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ òkun. Omi òkun ní iyọ̀ tí a mọ̀ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ní magnésíà, kálísíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti àwọn mìíràn. Ahọ́n kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ara ẹja ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù a máa di májèlé kan tí a ń pè ní ámóníà. Kò ní àwọ̀, ojú kò sì lè rí i nínú omi. Nínú òkun, àwọn bakitéríà tí ó kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ ni ó ń sọ ámóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, tí wọ́n sì tún ń sọ ọ́ di náítíréètì, tí ìpalára tirẹ̀ kéré. Nínú àpótí tuntun, àwọn bakitéríà wọ̀nyí kò tíì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò kí wọ́n tó tó iṣẹ́ wọn í ṣe. Àwọn ọmọ wa kò dúró fún ọjọ́ kan péré.

IṢẸ́ TÍ EWÉKO ÒKUN Ń ṢE

Ewéko òkun ni àwọn ewé àti koríko tí ń hù nínú omi iyọ̀. Ámóníà àti náítíréètì tí ó jẹ́ ìdọ̀tí fún ẹja, ajílẹ̀ ni fún ewéko. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà, yóò mu wọ́n, yóò fi wọ́n dàgbà, yóò sì tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1846, obìnrin kan tí ń jẹ́ Anna Thynne kó àwọn ẹ̀dá òkun láti Torquay lọ sí London. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ni ó ń da omi náà síwá sẹ́yìn lẹ́bàá fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Thynne fi ewéko òkun sí i, iṣẹ́ sì dínkù. Ní 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko London, Philip Gosse sì wà lára àwọn tí ó kó ẹ̀dá òkun wá síbẹ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ó tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń ṣe é. Kò sí iná mànàmáná nínú ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ewéko ni ẹ̀rọ wọn.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ OWÓ LỌ

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó má ra ẹ̀rọ ńlá. Kí ó ná owó sí ohun mẹ́ta: iyọ̀ òkun gidi tí a pò fún iṣẹ́ yìí, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí iyọ̀ ti pọ̀ tó, àti oògùn tí a fi ń yẹ ámóníà wò. Àpótí tí ó gba 40 lítà tó, àlòkù tí kò jò sì dára. Gílóòbù funfun lásán tó fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, irú èyí tí ó ní bátìrì, tún wúlò púpọ̀, nítorí pé ní òru ewéko náà ń mí afẹ́fẹ́ inú omi, iná ìjọba sì lè lọ nígbàkigbà.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

(1) Gbé àpótí sí ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti lè pa á. Kí omi má gbóná ju 27 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius.

(2) Fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan sí méjì kí klórínì lè lọ. Omi òkun ní bíi 35 gíráàmù iyọ̀ nínú lítà kan. Nítorí náà, 40 lítà yóò gba bíi 1,400 gíráàmù. Rò ó pọ̀, jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì, kí o sì wọ̀n ọ́n: 1.025 ni òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ kà.

(3) Tẹ́ iyanrìn díẹ̀, to òkúta sí i, kí o sì fi ewéko sí i. Tan iná fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lójúmọ́.

(4) Ju edé gbígbẹ ẹyọ kan sí i kí ó jẹrà fún àwọn bakitéríà. Má fi ẹja kankan sí i títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé ámóníà àti náítíráìtì ti tán pátápátá.

(5) Fi ìgbín òkun tàbí akàn kékeré tí ń gbé inú ìkarahun ṣáájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹja kékeré kan tó.

(6) Bí omi bá fà, omi lásán ni kí o fi dí i, kì í ṣe omi iyọ̀. Oòrùn a máa gbé omi lọ, ṣùgbọ́n kì í gbé iyọ̀. Bí 4 lítà bá fà nínú 40, iyọ̀ 1,400 gíráàmù yẹn ti wà nínú 36 lítà, ó ti di bíi 39 nínú lítà kan.

(7) Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pààrọ̀ 4 lítà omi, kí o sì gé lára ewéko.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí gígé yìí. Ìdọ̀tí tí ewéko mu kò tíì jáde nínú àpótí, inú ewé ni ó fara pamọ́ sí. Bí ewé bá kú síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò padà sínú omi. Ẹni tí ó ro oko tí ó fi koríko sílẹ̀ lórí ebè nígbà òjò, ó mọ ohun tí mò ń wí.

IRÚ EWÉKO TÍ Ó YẸ

Èyí tí ó rọrùn jù ni Chaetomorpha, tí ó rí bí kànìnkànìn tútù aláwọ̀ ewé. Gracilaria pupa náà dára. Láti ọdún 2011 ni koríko Sargassum ti ń gúnlẹ̀ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ti Nàìjíríà. Ẹ má ṣe ṣà á sínú àpótí kékeré, nítorí yóò jẹrà, yóò sì máa rùn. Bákan náà, Caulerpa a máa yára hù, ṣùgbọ́n ó lè funfun lójijì lóru ọjọ́ kan kí ó sì tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú omi.

ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ

Ohun tí ó bá jáde nínú àpótí, ẹ má dà á sí òkun, ọ̀sà tàbí gọ́tà. Ní 1984, wọ́n rí Caulerpa taxifolia nínú òkun ní Monaco, lábẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkun tí ó wà níbẹ̀. Kò ju bíi ibi tí ẹnì kan lè tẹ́ ẹní sí lọ nígbà náà. Ó tàn ká etí òkun Mẹditaréníà títí apá kò fi ká a mọ́. Ní 2000, wọ́n rí i ní California. Wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n da klórínì sábẹ́ rẹ̀, ó sì di 2006 kí wọ́n tó lè sọ pé ó ti tán. Ẹ sá ewéko tí ẹ bá gé sí oòrùn kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó kó o sí ààtàn.

Ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn ti ní àpótí tirẹ̀ nísinsìnyí. Oṣù méjì ni ó fi tọ́jú omi àti koríko nìkan, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi lásán ni ó ń sìn. Ẹja kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó sì wà láàyè. Ẹ̀dá tí a bá mú kúrò nínú òkun kò lè wá omi mìíràn lọ mọ́. Ọrùn wa ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.