Tánńganran àti Níóbíọ́mù: Irin Méjì Inú Iyanrìn Kúrú

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbé Jos, Bùkúrú tàbí Kúrú pẹ́ tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, èyíinì ni kuza. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hausa ń pe tánńganran, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì létí ọmọ Odùduwà tí ó ti ń pe wíwa ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ ní ìwakùsà. Ṣùgbọ́n iyanrìn dúdú tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kuza yìí, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan lẹ́nu àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn, àìmọ̀ yìí sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọrọ̀ di ohun tí a dà sí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Yorùbá tí ó fi ilẹ̀ Plateau ṣe ilé gidigidi, nítorí pé kuza ni ó fa ojú irin wá, ojú irin ni ó sì fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wọn. Ní ọdún 1927 ni ojú irin láti Kafanchan dé Jos, tí a fi lè máa kó tánńganran lọ sí èbúté Port Harcourt. Bí àwọn akọ̀wé, àwọn káfíńtà àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń tẹ̀ lé wọn. Láàárín ọdún 1958 sí 1964 ni a tún la ojú irin mìíràn láti Kúrú lọ sí Maiduguri, Kúrú sì di oríta ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Kúrú lónìí nítorí National Institute for Policy and Strategic Studies tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ṣùgbọ́n ìwakùsà ti wà ní agbègbè náà kí ilé ẹ̀kọ́ yìí tó dé.

Bí wọ́n ṣe dé inú iyanrìn

Inú àpáta líle tí ó ti inú ilẹ̀ jáde ní ohun tí ó lé ní 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni àwọn irin méjèèjì ti wá. Òjò àti oòrùn ń jẹ àpáta náà díẹ̀díẹ̀, odò sì ń gbé èyí tí ó fúyẹ́ lọ. Èyí tí ó wúwo kò lè bá omi lọ jìnnà, ìsàlẹ̀ odò ni ó jókòó sí. Iyanrìn lásán kò wúwo tó omi lọ́nà mẹ́ta, ṣùgbọ́n kuza tòótọ́ tó omi lọ́nà méje, kolumbáìtì tí níóbíọ́mù ń gbé inú rẹ̀ sì wúwo tó omi lọ́nà márùn-ún sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ẹni tí ń fọ kuza bá mi igbá rẹ̀ nínú omi, tí iyanrìn funfun ṣàn dànù, àwọn méjèèjì a jọ kù sí ìdí igbá, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Ìwà wọn kò dọ́gba

Bí wọ́n bá ti jáde kúrò nínú iyanrìn, ìwà wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Tánńganran funfun bí fàdákà, ó rọ̀, bí a bá sì tẹ ọ̀pá rẹ̀ po, a máa ké wínní-wínní. Ooru 232°C péré ni ó fi ń yọ́. Bí a bá gbé ṣíbí tánńganran sí orí iná ìdáná, omi ni yóò dà. Òtútù pàápàá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ: bí tánńganran tí kò ní àdàlù bá wà níbi tí ó tutù ju 13°C lọ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun eléérú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ọyẹ́ Jos kò le tó èyí tí yóò mú un yá kánkán.

Níóbíọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ń yọ́ ní 1,538°C. Níóbíọ́mù kò ní yọ́ títí ooru yóò fi dé 2,477°C. Ó wúwo ju tánńganran lọ, ọ̀pọ̀ ásíìdì kò sì lè jẹ ẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó pín ìtàn wọn níyà. Kí Òyìnbó tó dé, àwọn ayọ́rin ní Liruein-Delma ti ń fi ìléru amọ̀, èédú àti ẹwìrì yọ tánńganran jáde, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀pá tín-ín-rín fún títà. Ṣùgbọ́n kò sí iná èédú tí ó lè fa níóbíọ́mù jáde. Ọdún 1801 ni Charles Hatchett ní ìlú London ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àmì rẹ̀ nínú òkúta kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ó sì sọ ọ́ ní columbium. Ní 1844 ni Heinrich Rose ará Jámánì pè é ní niobium. Orúkọ àkọ́kọ́ ni ó wà lára kolumbáìtì títí di òní.

Ohun tí a ń fi wọ́n ṣe

Kò sí ilé tí iṣẹ́ tánńganran kò sí. Agolo tòmátò, mílíìkì àti sadíìnì, irin ni, ṣùgbọ́n tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi bò ó kí ó má baà dípẹtà. Òun ni ó wà nínú lẹ́ẹ̀dì tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń lẹ wáyà. Òun ni a dà pọ̀ mọ́ bàbà nínú àwọn iṣẹ́ ọnà àtijọ́ tí a hú jáde ní Igbo-Ukwu. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya ní ọdún 1942, tí tánńganran ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba amúnisìn fi ipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti ìhà Àríwá wá sí ibi ìwakùsà Jos. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́.

Iṣẹ́ níóbíọ́mù fara sin ju ìyẹn lọ. Bí a bá fi ìdajì kílò rẹ̀ sínú tọ́ọ̀nù irin kan, irin náà a le sí i láìwúwo sí i. Irú rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọ̀pá tí epo rọ̀bì ń gbà kọjá àti ara ọkọ̀. A máa dáàbò bo irin tí kì í dípẹtà níbi tí àwọn wẹ́dà bá ti jó o pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, níbi tí ooru ti ń jó bí iná ọ̀run àpáàdì, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí a dànù tí ó di wúrà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdọ̀tí ni àwọn ilé iṣẹ́ ìwakùsà ka kolumbáìtì sí. Wọ́n ń yọ kuza, wọ́n sì ń da ìyókù jọ bí òkìtì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì dé, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní ọdún 1952, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò san ìlọ́po méjì owó rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1955. Ilẹ̀ Plateau ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ láyé ti ń jáde nígbà náà. Àwọn tí ó mọ ohun tí ó wà nínú òkìtì padà lọ tú u, wọ́n sì tún un fọ̀.

Báwo ni a ṣe ń ya àwọn ìbejì yìí? Omi kò lè yà wọ́n dáadáa, nítorí ìwọ̀n wọn súnmọ́ ara wọn. Òòfà ni ó ń yà wọ́n. Kuza kì í gbọ́ ìpè òòfà, ṣùgbọ́n kolumbáìtì ń gbọ́ ọ díẹ̀. Òòfà ọwọ́ lásán kò tó. Òòfà ńlá tí iná mànàmáná ń fún lágbára ni ó máa ń fa kolumbáìtì sápá kan, tí kuza yóò sì bọ́ sápá kejì.

Ayé kò dúró lójú kan. Ilẹ̀ Brazil rí òkè níóbíọ́mù ńlá ní Araxá, ibẹ̀ ni ó sì ń bọ́ ayé lónìí. Ní oṣù October ọdún 1985, àjọ tí ń gbé owó tánńganran ró ní ọjà àgbáyé wó lulẹ̀, iye rẹ̀ já wálẹ̀, ìwakùsà ńlá ní Plateau sì rọ. Àwọn kòtò ńláńlá tí ó di adágún omi ni ó ṣẹ́ kù, àti òkìtì iyanrìn.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀

Títí di òní, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò jíjìn tí wọ́n ń pè ní lótò, tí ilẹ̀ sì ń ya lù wọ́n. Ẹni tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ta àpò iyanrìn rẹ̀ ní owó kuza lásán. Kolumbáìtì lè wà nínú rẹ̀. Tantalum, àbúrò níóbíọ́mù, tí a ń lò nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, lè bá a wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà ni ó lè sọ òtítọ́, kì í ṣe ojú ẹni tí ó fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn òkìtì náà tún kan ẹni tí kò wa kùsà rí. Monazite wà nínú wọn pẹ̀lú, thorium àti uranium sì wà nínú monazite, àwọn èròjà tí ìtànṣán olóró ń jáde lára wọn. Àwọn onímọ̀ ti wọn ìtànṣán yìí ní àyíká Bùkúrú, wọ́n sì rí i pé ó ga ju ti ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ti fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́lé. Ẹni tí ó bá ń ra iyanrìn ìkọ́lé ní agbègbè náà, kí ó bèèrè ibi tí wọ́n ti kó o. Ilé tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ kò gbọdọ̀ di ewu fún ọmọ.

Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà da níóbíọ́mù pọ̀ mọ́ tánńganran. Wọ́n rí i pé bí àdàlù yìí bá tutù dé nǹkan bí −255°C, iná mànàmáná a máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan. Wáyà rẹ̀ ni a fi ṣe díẹ̀ nínú àwọn òòfà alágbára jù lọ láyé, títí kan èyí tí ó wà fún iṣẹ́ ITER ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Òòfà ni ó ń ya àwọn méjèèjì ní Plateau. Nígbà tí ìmọ̀ tún so wọ́n pọ̀, òòfà ni wọ́n dà. Inú igbá kan náà ni wọ́n ti jáde, ọwọ́ ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ wọn ni èrè sì bọ́ sí.