Nígbà Tí Ìyá Kò Rí Abọ́ Tí Ó Wà Ní Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀

Ká ní nínú ilé kan ní Awo, lẹ́bàá Ẹdẹ, ìyàwó gbé abọ́ ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá nawọ́, ọbẹ̀ dà nù. Lọ́jọ́ kejì, ó kọsẹ̀ lára àpótí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ ilé yóò ní àìfarabalẹ̀ ni. Ará àdúgbò yóò ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti abiyamọ, ó lè jẹ́ àrùn ojú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní glaucoma.

Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀. Okùn ìríran, tí fọ́nrán rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù kan, ni ó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ. Awọ yìí wà lára àwọn ẹ̀yà ara tí ó ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jù lọ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ni ó sì ń gbé e débẹ̀. Bí omi inú ojú kò bá rí ọ̀nà jáde dáadáa, yóò máa tẹ okùn àti iṣan wọ̀nyí. Bí a bá tẹ rọ́bà tí a fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀fọ́ yóò rọ, bí kànga tilẹ̀ kún. Àwọn onímọ̀ rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú àwọn alárùn yìí a máa tín-ín-rín. Wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá òun ni ó fa àrùn ni, tàbí àrùn ni ó fà á. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, láìsí ìrora.

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni tí ó ti pé 40 ọdún, bíi 5 ni ó ní àrùn yìí. Nínú 100 àwọn tí ó ní i, kò tó 6 tí ó mọ̀. Ẹnìkan nínú 5 wọn sì ti fọ́jú.

Ìríran tí ó ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n oògùn ìkán-sójú tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo èyí tí ó kù. Nítorí náà:

Ẹ mú àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Bí ó bá ní i, kí àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ náà lọ, nítorí àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí.

Ẹ má ṣe kán omi ọyàn, ìtọ̀ tàbí oògùn ọjà sí ojú. Àwọn oògùn kan ń mú agbára omi inú ojú pọ̀ sí i.

Bí aláìsàn bá ní ikọ́ fée tàbí tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.

Bí ojú ọmọ ọwọ́ bá tóbi ju bó ti yẹ lọ, tí ó ń ṣomi, tí ó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ọbẹ̀ ìyá bá dà, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ nu ilẹ̀, ẹ bu òmíràn fún un, kí ẹ sì dá ọjọ́ ilé ìwòsàn.