Ẹ̀rọ amúnimí dé, téèpù ńkọ́?

Ẹ̀rọ ventilator 200 tí Trump ṣèlérí fún Buhari, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, lórí fóònù lóṣù kẹrin 2020 wọ Àbújá lóṣù kẹjọ ọdún yẹn. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, mélòó ló máa kan Èkó, ṣé ọsibítù ìjọba tó wà n'Ígàńdó á rí nínú ẹ̀, ni ẹnu ń kùn nígbà náà. Ìbéèrè gidi ni. Èyí tó ká mi lára jù ni pé: báwo ni èémí tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ sínú èèyàn ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ventilator kì í wo ẹ̀dọ̀fóró sàn. Ó kàn ń bá aláìsàn mí ni, kí ara lè ráyè bá àrùn jà. Bó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ jù, á ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Ṣebí fọkanáísà náà máa ń wo géèjì kí táyà má baà bẹ́. Ti ẹ̀dọ̀fóró tí Kòrónà bá jà tún le jù bẹ́ẹ̀: omi ti gba apá kan, afẹ́fẹ́ kò ríbi wọ̀ níbẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ á wá ya sí ìwọ̀nba tó kù. Luciano Gattinoni, dókítà ará Ítálì, pe ìwọ̀nba yẹn ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé, torí ó lè má ju ti ọmọ ọdún 5 tàbí 6 lọ nínú àgbàlagbà.

Lọ́dún 2000, àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 861 tí ẹ̀rọ ń bá mí. Àwọn kan gba èémí mìlílítà 12 fún kílò kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù gba 6. Nínú 100 tó gba èémí ńlá, bí 40 kú. Nínú 100 tó gba kékeré, 31.

Kílò wo? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í. Kì í ṣe ti orí òṣùwọ̀n o. Gíga èèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, torí bó ti wù kí èèyàn sanra tó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í tóbi sí i. Ọkùnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, kílò 66 ni wọn yóò kà fún un. Èémí rẹ̀ kò tó mìlílítà 400, kò kún píọ̀ wọ́tà kan. Bó bá jẹ́ kílò 100 tó wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n lò, 600 ni yóò máa wọlé, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá mí, tọ̀sán-tòru.

Gattinoni fúnra rẹ̀ sọ lọ́dún 2020 pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn oníkòrónà kan kò le gan-an, pé wọ́n lè gba ju mìlílítà 6 fún kílò lọ díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kò gbà. Lójú tèmi, títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀, kékeré ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín irú ẹ̀rọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ so téèpù aránṣọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí nọ́ọ̀sì wọn aláìsàn láti àtàrí dé gìgísẹ̀ kó tó tan iná ẹ̀rọ.