Àròpọ̀ àti Ìyọkúrò: Ọmọ Ìyá Kan Náà Ni Wọ́n

Ní ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn ní ìdálẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí ó ń ba ayọ̀ ìrọ̀lẹ́ jẹ́. Ìyá ti palẹ̀ àtẹ mọ́, bàbá ti ti ibi iṣẹ́ dé, oúnjẹ sì ti wà lórí iná. Ọmọ ọdún méje gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. A bi í léèrè pé: márùn-ún àti méje, mélòó ni? Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní méjìlá. Inú òbí dùn. A wá ní kí ó yọ méje kúrò nínú méjìlá. Ọmọ wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò bá iye wọ̀nyí pàdé rí. Níbẹ̀ ni pàṣán ti ń jáde. Níbẹ̀ náà ni orúkọ burúkú nì, "olódo," ti ń lẹ̀ mọ́ ọmọ lára.

Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a kọ́ ọ ní àròpọ̀ lọ́tọ̀, a sì kọ́ ọ ní ìyọkúrò lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, àti pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì.

IYE MẸ́TA, GBÓLÓHÙN MẸ́RIN

Ẹ jẹ́ kí á wo 5, 7 àti 12. Iye mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́rin ni ó ń ti ara wọn jáde:

5 + 7 = 12
7 + 5 = 12
12 – 5 = 7
12 – 7 = 5

Agbo-ilé kan ni èyí. Méjìlá ni baálé. Márùn-ún àti méje ni ọmọ. Bí àwọn ọmọ méjèèjì bá pàdé, wọ́n di méjìlá. Bí ọ̀kan bá jáde kúrò nílé, èkejì ni yóò kù. Ọmọ tí ó bá ti rí i báyìí kì yóò tún máa ka ìka nígbà tí a bá yọ méje kúrò nínú méjìlá. Yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ta ni ó ń bá méje gbé?" Ìdáhùn yóò sì dé lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ìbejì náà wà láàrin àwọn iye. Mẹ́fà àti mẹ́fà di méjìlá. Mẹ́fà kúrò nínú méjìlá ku mẹ́fà. Nítorí pé àwọn ọmọ méjèèjì jọ ara wọn, gbólóhùn méjì péré ni agbo-ilé wọn ní.

Ìtura ńlá ni ọ̀nà yìí jẹ́ fún ọmọ. Bí a bá fẹ́ kí ó há gbogbo àròpọ̀ iye láti orí 1 dé orí 9 sórí, 81 ni wọ́n. Ìyọkúrò tí ó bá wọn rìn tún jẹ́ 81. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 162. Ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ sí agbo-ilé, 45 péré ni: 36 ní gbólóhùn mẹ́rin mẹ́rin, 9 sì jẹ́ ti ìbejì. Ẹrù tí ó fẹ́ ṣẹ́ ọmọ lọ́rùn ti fúyẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlọ́po àti pínpín. Ọmọ tí ó mọ̀ pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá ti mọ̀ pé bí ènìyàn mẹ́ta bá pín ọsàn méjìlá, mẹ́rin ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó TI WÀ NÍNÚ ÈDÈ

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò fiyè sí ni pé èdè Yorùbá ti gbé ẹ̀kọ́ yìí sínú orúkọ tí a fi ń pe iye. Láti orí oókànlá dé ẹẹ́rìnlá, a ń fi iye lé ẹẹ́wàá. Nígbà tí a bá dé ẹẹ́dógún, a kò wo ẹ̀yìn mọ́. Ogún tí ó wà níwájú ni a ń wò. Ẹẹ́dógún ni ogún tí ó dín márùn-ún. Ẹẹ́rìndínlógún ni ogún tí ó dín mẹ́rin. Oókàndínlógún ni ogún tí ó dín ọ̀kan. Bí a bá kọjá ogún, a tún ń fi kún un títí dé ẹẹ́rìnlélógún. Láti orí ẹẹ́dọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n ni a tún ń yọ iye kúrò lára rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ tí ó bá pe orúkọ ẹẹ́tàdínlógún ti ṣe ìyọkúrò kan láìmọ̀: 20 – 3 = 17. Gbólóhùn mẹ́ta yòókù wà nínú agbo-ilé kan náà: 17 + 3 = 20, 3 + 17 = 20, àti 20 – 17 = 3. Ìlọ́po pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Ẹni tí ó pe ọgọ́ta ti sọ pé 3 × 20 = 60, ó sì ti mọ̀ pé bí a bá pín ọgọ́ta sí ọ̀nà mẹ́ta, ogún ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ètò ìkàyé yìí tí ó jáde ní ọdún 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ṣe ń mú un ní márùn-ún márùn-ún, tí wọn yóò mú un lọ́nà ogún kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì yóò sì di igba. Àwọn ìyá wa tí ń ka ẹyọ lọ́jà kò ka ìwé ìṣirò kankan, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé iye tí ó wà nílẹ̀ àti iye tí ó kù kí ó pé jọ ń rìn ni.

Ní ilé-ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ pé ẹẹ́tàdínlógún jẹ́ méje lórí ẹẹ́wàá. Nílé, Yorùbá sọ fún un pé ogún tí ó dín mẹ́ta ni. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ọmọ tí ó bá gbọ́ méjèèjì ti mọ agbo-ilé méjì tí iye kan ń gbé: 10, 7 àti 17, 17, 3 àti 20. Yóò tún rí i pé méje àti mẹ́ta náà ni ó di ẹẹ́wàá. Èdè méjì tí àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé yóò da ọmọ lórí rú ti di àǹfààní.

Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé kò ṣe àjèjì sí ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà lọ́wọ́ wọn yóò gbọ́ tí wọ́n ń pe eéjìdínlógún ní ashirin biyu babu, èyí tí í ṣe ogún tí kò ní méjì. Ọmọ Yorùbá tí ó ń bá wọn ṣeré ní àdúgbò lè gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà láti ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí á fi ìwọ̀n sí i. Iye tí ó tóbi nínú Yorùbá le fún ọmọ kékeré. Aárùndínláàádọ́ta, èyí tí í ṣe 45, jẹ́ márùn-ún tí a yọ kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí ó dín ẹẹ́wàá. Kí a má fi irú èyí da ọmọ ọdún mẹ́fà láàmú. Bí ó bá mọ̀ ọ́n dé ogún, lẹ́yìn náà dé ọgbọ̀n, ìpìlẹ̀ ti dúró.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE NÍLÉ

Kò sí ohun èlò olówó iyebíye nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kí òbí kó ìdérí ìgò mẹ́wàá tàbí ẹ̀wà mẹ́wàá jọ. Kí ọmọ kà á kí ó dá a lójú pé mẹ́wàá ni. Kí a wá fi abọ́ bo díẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mẹ́fà bá wà níta, kí a bi í pé mélòó ni ó wà lábẹ́ abọ́. Lẹ́yìn tí ó bá dáhùn, kí a ṣí i kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí mẹ́rin, kí ó sì sọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lẹ́nu. Nígbà tí agbo-ilé ẹẹ́wàá bá ti mọ́ ọn lára, kí a lọ sí ogún.

Ọpọ́n ayò náà jẹ́ olùkọ́ rere. Ojú méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 12 × 4 = 48. Ẹni kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 24. Bí ọmọ bá ti jẹ mẹ́wàá, tí ẹnì kejì sì ti jẹ mẹ́jọ, kí a bi í pé mélòó ni ó kù lójú ọpọ́n. Yóò ro 10 àti 8 pọ̀, yóò yọ 18 kúrò nínú 48, kò sì ní mọ̀ pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni òun ń ṣe.

Ọjà ni ibi kẹta. Bí oníbàárà bá ra ọjà ₦700 tí ó sì mú ₦1,000 wá, ìyá tí ó mọ òwò kì í ṣe ìyọkúrò kí ó tó fún un ní ṣéńjì. Láti orí ₦700 ni yóò ti kà á lọ sókè títí yóò fi pé ẹgbẹ̀rún. Kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tí ó dúró tì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi hàn án pé méje, mẹ́ta àti mẹ́wàá náà ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Bí ọmọ bá ṣì í, kí a dá a padà sídìí ìdérí ìgò rẹ̀, kí á má dá a padà sídìí pàṣán. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọmọ rántí ohun tí ó mọ̀.

ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ìwúlò ìkàyé Yorùbá fún ọmọ tí yóò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́ yòókù. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan ìṣirò.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àwùjọ tí ó yí ọmọ ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, a fagi lé ìlànà náà, a sì padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀, kò sí ìgbà kan nínú gbogbo èyí tí ó dájú pé Yorùbá ni olùkọ́ rẹ̀ yóò sọ sí i. Ọwọ́ òbí ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Bí òbí bá dákẹ́, nǹkan méjì ni ọmọ yóò pàdánù: èdè tí àwọn baba rẹ̀ fi ń kàyé, àti ọgbọ́n ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò lè ka Yorùbá kọjá ẹẹ́wàá kì yóò mọ iye tí ìyá àgbà pè nígbà tí ó bá lọ sílé ní àsìkò ọdún.

Ní alẹ́ òní, kí bàbá tàbí ìyá gbé pàṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó kó ìdérí ìgò méjìlá sílẹ̀, kí ó sì fi abọ́ bo méje. Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.