Fọ́tò ìnáwó: ìdí tí ará ẹ̀yìn fi ń rí bàìbàì

Bí ẹ bá wo àwọn fọ́tò ìgbéyàwó kan ní Ìyànà Ọ̀fà, níjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ojú ìyàwó á mọ́ kedere, ìyá tó dúró sẹ́yìn á rí bàìbàì. Kámẹ́rà kọ́ ló bàjẹ́; ojú lẹ́ǹsì ni ayàwòrán ṣí gbayawu. Bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe fẹ̀ tó: ìmọ́lẹ̀ tí f/1.4 ń gbà jẹ́ ìlọ́po 4 ti f/2.8. Ìyẹn wúlò lálẹ́ tí kò síná. Ṣùgbọ́n bí lẹ́ǹsì 85mm bá wà ní mítà 2 síni, ibi tí yóò mọ́ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Nítorí náà, bí ẹbí bá tò ní ìlà méjì, ẹ ní kí ayàwòrán lo f/8, kó sún sẹ́yìn, kó tan fíláàṣì. Àgbà tí fọ́tò pa ojú rẹ̀ rẹ́ lónìí, a lè máà rí i yà mọ́ lọ́la.