Kíndìnrín: Ẹ̀yà Ara Tí Kì í Tètè Pariwo

Kíndìnrín méjì ló wà lára wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà, lápá ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Iṣẹ́ asẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Nǹkan bí 180 lítà omi ni wọ́n ń sẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́; wọ́n á dá èyí tó dára padà, ìdọ̀tí rẹ̀ la ń tọ̀ dànù.

Bí iṣẹ́ yìí bá ń bàjẹ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn. Kì í sábà dun ènìyàn níbẹ̀rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ àti ojú tó wú, ó ti lè jẹ́ kíndìnrín ti bàjẹ́ jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló sábà ń fà á. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí a ń lò lójoojúmọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà náà ń dá kún un, àti ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì. Àgbo ńkọ́? A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú o, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà nínú ife tí ìyá alágbo bù fún wa?

Nígbà mìíràn, ọmọ ìyá méjì á ṣàìsàn yìí tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á ní iṣẹ́ ayé ni. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé pé jíìnì kan, APOL1, ní irú tó ń gbà wá lọ́wọ́ àìsàn oorun kan tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, àmọ́ tó lè pa kíndìnrín lára bí a bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024, lórí ènìyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, rí i pé nǹkan bí 30 nínú 100 wọn ló jogún méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i kò ní ṣàìsàn rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn yìí ti wà nínú ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò falẹ̀.

Bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Federal Medical Centre Jabi níhìn-ín wà lára wọn. Síbẹ̀, ₦36,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn, láìka oògùn àti owó ọkọ̀ láti Kubwa tàbí Nyanya.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo ìtọ̀ bóyá pùrótéènì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ creatinine wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹ gba ìwé èsì yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí dókítà lè fi tọdún yìí wé tèṣí.